Pieces of Africa láti ọwọ́ Kronos Quartet: ibi tí okùn ti bá ìlù dọ́gba, àti ibi tó ti ku díẹ̀ káàtó

Bí ẹ bá fẹ́ ra àwo kan péré tí string quartet ti fi orin ìbílẹ̀ Áfíríkà àti orin ìgbàlódé sójú kan náà, Pieces of Africa ni kí ẹ rà. Kronos Quartet ló ṣe é, Nonesuch ló gbé e jáde ní 1992. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, àwo náà kò tíì gbó. Nígbà tó jáde, ó gun òkè téńté àtẹ Billboard ti orin kílásíkà, ó sì tún gun ti orin àgbáyé, ohun tí ojú kì í sábà rí. Ṣùgbọ́n títà ọjà kọ́ ni ẹni tó mọ ìlù ń wò. Ohun tó ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìlù wà nínú okùn náà lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Orin mẹ́jọ ló wà lórí àwo. Nínú mẹ́fà, ìlù wà níbẹ̀ dáadáa. Nínú méjì tó kù, quartet kàn jókòó ti ẹlòmíràn ni.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí wọn rí: string quartet jẹ́ èèyàn mẹ́rin, fáyólíìnì méjì, fíólà kan, ṣẹ́lò kan. Okùn mẹ́rin ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, kò sí ẹni tó dúró níwájú tó ń juwọ́ sí wọn. David Harrington ló dá Kronos sílẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1973, lẹ́yìn tó gbọ́ Black Angels, orin tí George Crumb kọ fún quartet lásìkò ogun Vietnam. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bẹ àwọn olórin tó wà láàyè níṣẹ́ pé kí wọ́n kọ tuntun fún àwọn. Harrington àti John Sherba ló wà lórí fáyólíìnì nínú àwo yìí, Hank Dutt lórí fíólà, Joan Jeanrenaud lórí ṣẹ́lò. Jeanrenaud ti kúrò tipẹ́, Sherba àti Dutt sì fẹ̀yìn tì ní 2024. Ẹni tó bá lọ wo Kronos lónìí, Harrington nìkan ni yóò bá níbẹ̀ nínú àwọn mẹ́rin yìí.

Okùn tí wọ́n ń wọ́ ọ̀pá lé kì í ṣe àjèjì sí etí Yorùbá. Ẹni tó bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji mọ ohun tí gòjé ń ṣe: okùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe, lórí igbá tí wọ́n fi awọ bò, tó ń tẹ̀ lé akọrin lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ níbi tó bá ti mí. Gòjé ń gbé ohùn, ó fi ìlù sílẹ̀ fún onísákárà. Lórí àwo yìí, wọ́n ní kí okùn gbé ohùn, kó gbé ìlù, kó tún gbé kora (ohun èlò olókùn púpọ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà) àti mbira (irin tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta, ẹbí agídìgbo) mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le.

Ohun tó kọ́kọ́ le ni bí ìró ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọwọ́ bá kan awọ ìlù, ìró ti jáde nìyẹn. Tí ọ̀pá bá kan okùn, okùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irun ọ̀pá, kó bọ́ kúrò, kó tó máa gbọ̀n. Bí okùn bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn, nítorí náà okùn ìsàlẹ̀ pátápátá lórí ṣẹ́lò ló lọ́ra jù. Bí aláṣẹ́lò bá dúró de ìlù kó tó wọ́ ọ̀pá, gbogbo ẹgbẹ́ á máa wọ́lẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti gbé ọ̀pá lé okùn ṣáájú, á fi ìka àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á wá tú u sílẹ̀ lójú ibi tí ìlù ti bọ́ sílẹ̀ gan-an. Jeanrenaud ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi etí sí i nínú orin kìn-ín-ní, ẹ ó rí i pé ṣẹ́lò àti ìlù jọ ń balẹ̀ ni. Kò sí èyí tó ń lé èkejì.

Mai Nozipo ni orin kìn-ín-ní yẹn. Dumisani Maraire, ọmọ Shona láti Zimbabwe tó kọ́ àwọn èèyàn ní mbira àti marimba ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ló kọ ọ́, òun náà ló sì ń lu ìlù ngoma, tó ń mi hosho níbẹ̀. Hosho ni igbá kéékèèké méjì tí hóró wà nínú wọn. Nínú orin Shona, hosho ló ń di gbogbo ilé mú: mẹ́ta mẹ́ta ló ń kà, nígbà tí àwọn tó kù lè máa ka méjì méjì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé fáyólíìnì nìkan lè rò pé orin náà rọrùn, pé ó kàn dùn ni. Ẹ tẹ̀ lé hosho fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá padà sí fáyólíìnì, ẹ ó gbọ́ pé ohun tó dà bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ń gba àárín ara wọn kọjá. Ọmọ tó bá ti kọ́ agogo kọ́nkóló dáadáa kò ní sọnù níbẹ̀, nítorí ìdún méjìlá náà ni wọ́n jọ ń pín.

Ohun kan wà tí okùn kò lè ṣe níhìn-ín, Maraire sì mọ̀. Mbira àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń ní ìkarahun tàbí ìdérí ìgò tí wọ́n so mọ́ ọn kó lè máa hó, gẹ́gẹ́ bí ṣaworo ṣe ń dún létí ìyáàlù tiwa. Tí ẹ bá yọ híhó yẹn kúrò, orin náà á mọ́ jù, kò ní ní ara. Quartet lè wọ́ ọ̀pá súnmọ́ afárá tó gbé okùn dúró kí ìró lè há, ṣùgbọ́n híhá kì í ṣe híhó. Hosho ló wá dí àlàfo náà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta orin yìí láìsí hosho ń fi àkókò ṣòfò ni o. Kí wọ́n wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré kan, kí wọ́n sì fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sáré.

Tilliboyo, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn, ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí àwo pé okùn lè di ohun èlò mìíràn. Foday Musa Suso, jálí (olórin àjogúnbá bí arọ́kin) láti Gambia, ló ni ín, ó sì jókòó ta kora pẹ̀lú wọn. Okùn 21 ló wà lórí kora, okùn náílọ́ọ̀nù ìpẹja ni wọ́n sábà máa ń lò fún un lónìí, ìka mẹ́rin péré ló sì ń ta gbogbo rẹ̀: àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì. Àtàǹpàkò ń di kumbengo mú, ìyẹn ìpìlẹ̀ tó ń yí po láìdúró. Birimintingo ni wọ́n ń pe àwọn ìró tó ń tú jáde ṣùrùṣùrù lórí rẹ̀. Suso mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin lè pín iṣẹ́ ìka mẹ́rin, ló bá jẹ́ kí àwọn kan fi ìka ta ìpìlẹ̀, kí fáyólíìnì fi ọ̀pá wọ́ orin gígùn lé e lórí. Kò sí ẹni tó ń fi okùn ṣe àfarawé kora nítòsí kora gidi kí ìtìjú má bá a, àfi bó bá mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Níbi tí kora bá ti ń tú birimintingo, àwọn tó kù kì í bá a díje.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ta irú orin yìí, ẹ fiyè sí nǹkan mẹ́ta. Ìró tí wọ́n fi ìka ta lórí fáyólíìnì kì í pẹ́ kú, nítorí náà ẹ ta á lókè pátákó ìka, jìnnà sí afárá, ẹ fi ẹran ìka ta á, ẹ má fi èékánná kàn án, kí ọwọ́ òsì sì máa gbọn díẹ̀ kí ìró lè pẹ́ sí i. Èkejì, ìka títa máa ń mú kí èèyàn sáré. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ní ìṣòro yìí: tí kò bá sí ọ̀pá láti wọ́, ọwọ́ á fúyẹ́, ìdún á máa yára díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ ó fi parí, ẹ ti ta ìgbà ìwọ̀ oòrùn bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì. Kí fíólà jẹ́ ẹni tí gbogbo yín ń wò, nítorí òun ló wà láàárín. Ẹ̀kẹta ni ìka fúnra rẹ̀. Awọ ìka á rọ̀, á lé ròrò bí ẹ bá fi wákàtí kan gbáko ta á. Ẹ pín ìdánrawò rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa fi orin tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọ́ sí àárín.

Ekitundu Ekisooka ti Justinian Tamusuza, ọmọ Uganda, kò ní àlejò kankan. Àwọn mẹ́rin nìkan ni. Ìpín àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ ni, a sì kábàámọ̀ pé ìyókù kò sí lórí àwo. Ilé tí orin yìí ti wá ni Buganda, níbi tí amadinda wà: igi 12 tí èèyàn mẹ́ta jọ ń lù. Ẹnì kan á lu ìró tirẹ̀, ẹni tó kọjú sí i á fi tirẹ̀ sí àlàfo tó wà láàárín, ẹni kẹta á wá máa ṣọ́ ìró méjì tó wà nísàlẹ̀ jù nínú ohun tí àwọn méjèèjì ń lù, á sì máa tún un lù lórí igi méjì tó wà lókè pátápátá. Orin tí ẹ ń gbọ́, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń lù ú tán. Bí ẹ bá mọ bí omele ṣe ń wọ inú ara wọn nínú bàtá, ẹ ti mọ ọgbọ́n náà. Tamusuza pín in káàkiri quartet lọ́nà tí kò sí ẹni tó lè sinmi.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti Kronos, ti nóòtì ni. Lórí dùùrù, ìgbésẹ̀ tó kéré jù jẹ́ 100 nínú 1200 tó wà nínú ọ́kítéfù kan. Àwọn Baganda pín ọ́kítéfù sí márùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìkọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí 240. Nóòtì ilẹ̀ Yúróòpù kò ní àmì fún 240. Ó kọ 200, tàbí kó kọ 300. Fáyólíìnì kò ní irin lọ́rùn bíi gìtá, nítorí náà ó lè fi ìka sí 240 bí etí bá mọ ibi tó wà. Ohun tí a ń gbọ́ lórí àwo sún mọ́ dùùrù ju amadinda lọ. Ó dùn, ó ń sáré, ṣùgbọ́n adùn kan ti bọ́ sọ́nà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta á, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ amadinda gidi kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Escalay gùn, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì kánjú. Hamza El Din, ọmọ Nubia tí wọ́n bí ní 1929 ní Toshka ní gúúsù Íjíbítì, ló ni ín. Ẹ̀rọ omi tí màlúù ń yí po ni ó ń ṣàpèjúwe. Omi tó kóra jọ sẹ́yìn ìdídò Aswan ti bo àwọn abúlé Nubia yẹn mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn wọn ti kó lọ. Ó ti gba orin náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí oud, ohun èlò olókùn àwọn Lárúbáwá, ní 1971, fún Nonesuch kan náà. Níhìn-ín, òun ló ń lu tar, ìlù pẹrẹsẹ olójú kan. Ìyípo ni orin yìí láti òkè dé ilẹ̀: ìró kan ń padà wá, ó ń padà wá, ohun díẹ̀ sì ń yí padà lára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bí ẹni tó ń dúró de ibi tó ti máa dún gan-an á sú. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe dín gbígbọn ọwọ́ òsì kù, tí wọ́n jẹ́ kí ìró dúró gbọnrangandan, nítorí gbígbọn tí wọ́n fi ń ta orin ìfẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù á ba ohùn Nubia jẹ́ pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta orin ìbílẹ̀ sí àwa létí kì í sábà rántí èyí. Wọ́n á máa gbọn ọwọ́ lórí ohun gbogbo, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí orin sinimá.

White Man Sleeps ló gba ibi tó pọ̀ jù, ìpín márùn-ún, òun ló sì yẹ kí àwọn tó ń ta okùn lọ́wọ́ fi ọjọ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Kevin Volans, tí wọ́n bí ní Pietermaritzburg ní 1949, kọ ọ́ ní 1982 fún harpsichord méjì (dùùrù àtijọ́ tó ń ta okùn), viola da gamba kan (olókùn àtijọ́ tó jọ ṣẹ́lò) àti ìlù. Wọ́n tún ohùn harpsichord wọ̀nyẹn ṣe kúrò ní ti Yúróòpù kí wọ́n lè sún mọ́ ti Áfíríkà. Ní 1986 ló tún un kọ fún Kronos, ó sì padà sí ohùn tí quartet mọ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ìpín kìn-ín-ní àti ìkarùn-ún sílẹ̀ lórí àwo mìíràn ní 1987. Ibí yìí ni márààrún ti pé. Àwọn ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn afọn-fèrè nyanga ní Mozambique, láti ọ̀dọ̀ àwọn San ní gúúsù Áfíríkà tó ń fi ọrun ṣe ohun èlò orin, àti láti Lesotho.

Ìpín kìn-ín-ní ń sáré, ó le koko. Ìwọ̀n ìdún inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó lè gùn, ó lè kúrú, kó sì tún yí padà kí ẹ tó mọ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ka á bí ẹni ń ka jùjú á ṣubú láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ mú ìdún tó kéré jù, kí ẹ jẹ́ kó dọ́gba láìyẹ̀, kí gbogbo èèyàn máa kà á sínú, kí ẹ sì fi ohùn jọ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọ̀pá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì ìyára. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń ka ìdún sí ìdún ńlá, ẹ fi sí ìdún kékeré, nítorí ìdún ńlá ń yí padà. Ìpín ìkarùn-ún kò yára rárá. Ọ̀pá gùn, ìró jọ dúró bí orin ìsìn, ó sì dà bí ẹni pé ó rọrùn. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn tí kò dọ́gba ti máa ń tú àṣírí quartet. Ẹ tún okùn yín ṣe lẹ́yìn ìpín kẹrin bí ẹ bá ń ta á níwájú èèyàn, ẹ má tijú.

Nínú gbogbo orin tó wà lórí àwo, òun ló mọ okùn jù, nítorí pé kò nílò ìlù kankan kó tó dúró. Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ sọ ọ́: àwọn yòókù jẹ́ ti ẹni tó ni àṣà náà, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, tó sì jókòó lù ú pẹ̀lú wọn nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ti Volans jẹ́ ti aláwọ̀ funfun tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Jámánì, tó padà wálé gba ohùn àwọn ará abúlé. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ohun tó dá. Àwọn tí ohùn wọn ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ tó bá ń ta á máa dárúkọ ilẹ̀ wọn sínú ìwé ètò.

Saade ti Hassan Hakmoun láti Morocco àti Wawshishijay ti Obo Addy, onílù Ga láti Accra, ni méjì tó ku díẹ̀ káàtó. Méjèèjì dùn. Sintir Hakmoun, okùn mẹ́ta lórí awọ, ló gbé Saade láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé. Bí ẹ bá yọ quartet kúrò, Gnawa gidi, orin ìbílẹ̀ Morocco tí Hakmoun ń kọ, á ṣì wà níbẹ̀. Addy náà bẹ́ẹ̀. Ìlù àti ohùn ló ń gbé orin rẹ̀, fáyólíìnì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ quartet kọ́ ni a gbọ́ níbẹ̀.

Kutambarara, tí Maraire fi pa àwo dé, tún gbé gbogbo rẹ̀ dìde: mbira rẹ̀, ohùn rẹ̀, quartet, àti ẹgbẹ́ akọrin Oakland Interfaith Gospel Choir. Ìrísí mbira nyunganyunga tí Maraire mọ̀ jù ní irin 15; agídìgbo tiwa sábà máa ń ní mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀bùn orin yìí ni pé kò sí ẹni tó jẹ gàba. Akọrin wọlé nígbà tí okùn ti la ọ̀nà, okùn kò sì dákẹ́ nígbà tí akọrin wọlé.

Kò sí orin Yorùbá kan níbẹ̀, kò sí ti Nàìjíríà rárá. Àìsí rẹ̀ dùn wá, nítorí pé ọmọ wa ti ń kọ irú rẹ̀ fún okùn kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí àwo. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọ African Suite ní 1944 fún ẹgbẹ́ olókùn ńlá àti hápù: Joyful Day, Nostalgia, Onipẹ, Lullaby, Akinla. Joyful Day gba ohùn orin Ephraim Amu ti Ghana, Akinla sì jẹ́ highlife pọ́ńbélé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dín in kù sí èèyàn mẹ́rin gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí iṣẹ́ hápù yóò gbà, fíólà ló sì sábà máa ń gba ẹrù náà. Sowande kú ní 1987. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ 70 ọdún lẹ́yìn ikú, èyí ni pé títí di ìparí 2057, ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó tún un tò.

Fún ẹni tí owó ìwé orin ń dà láàmú, Kronos ti ṣe ohun mìíràn tó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ fáyólíìnì ní ìlú wa mọ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Fifty for the Future: orin 50 tí wọ́n ní kí àwọn olórin kárí ayé kọ fún quartet, tí wọ́n sì gbé ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àpapọ̀ àti ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí àwọn fúnra wọn gbà sílẹ̀. Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní Benin tó sì ń kọrin ní Yorùbá pẹ̀lú, ní YanYanKliYan Senamido níbẹ̀. Fodé Lassana Diabaté, alubalafon (igi tí wọ́n tò tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù) láti Mali, ní Sunjata's Time, ìpín márùn-ún: mẹ́rin àkọ́kọ́ ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú quartet síwájú, ìkarùn-ún kó gbogbo wọn jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Diabaté, nítorí pé ẹni tó kéré nínú ẹgbẹ́ náà á ní ìpín tirẹ̀. Tí ìwé bá jẹ́ ìwọ̀n Letter ti Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ẹ sọ fún ẹ̀rọ kó bá ìwé mu, kí etí ọ̀tún má bàa gé kúrò. Ẹ fi ẹyọ ojú ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ẹ fi téèpù so wọ́n kó lè ṣí gbalaja. Ìwé tí wọ́n fi pín-ìn kàn máa ń yí ojú padà láàárín ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ìlù sórí pèpéle pẹ̀lú quartet, ìró ta-ìka kò ní borí rẹ̀ láéláé láìsí máíìkì. Máíìkì kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn afárá, kí onílù sì jókòó sẹ́yìn fíólà, kó má ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáyólíìnì kìn-ín-ní, ẹni tí gbogbo wọn ń gbà àmì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú jẹnẹrétọ̀ jìnnà, Escalay kò ní gbà á. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń sún kì, ìdè okùn, igi tí wọ́n ń yí láti fa okùn le, á máa yọ̀, okùn á máa wálẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ ra ìdè náà. Nígbà òjò, igi á wú, ìdè á há, irun ọ̀pá á gùn sí i, kí ẹ tún ọ̀pá fà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti gbígbọ́: sípíkà fóònù lásán kò tó. Okùn ìsàlẹ̀ ṣẹ́lò wà ní nǹkan bí 65 Hz, sípíkà fóònù kì í sì í gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà sintir àti ṣẹ́lò á pòórá, ẹ ó rò pé fáyólíìnì nìkan ni wọ́n ń ta. Ẹ lo earpiece tàbí sípíkà ńlá. Tíráàkì 12 ló wà nítorí pé White Man Sleeps gba márùn-ún. Ẹ pa shuffle, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpín ìkarùn-ún lè wá ṣáájú ìkìn-ín-ní, tí Hakmoun á sì máa kọrin láàárín wọn. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ quartet rí, kó bẹ̀rẹ̀ láti Tilliboyo, kó gbọ́ Mai Nozipo, kó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó gbọ́ ọ tán lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ń ta okùn lọ́wọ́, White Man Sleeps ni kó kọ́kọ́ ṣí, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tí Chester Music tẹ̀ jáde ní iwájú rẹ̀ àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, kó máa sàmì sí gbogbo ibi tí ìdún ti yí padà.